Obìnrin Abìyẹ́ Ọlọ́wọ́ Òsì

                                        Ilé Bàbá wa,
                                        Algutsrum,
                                        Öland.
                                        14 Oṣù Kẹwàá, 1988.

Evert, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Majken ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín ti bo Kiruna yín lọ́hùn-ún. Ẹ kú ìfaradà òtútù o. Ara tèmi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Ara Bàbá ni kò le. Láti ìgbà ooru tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n, wọn kò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́, dókítà sì ti ní kí n tètè pe ẹni tí mo bá fẹ́ pè.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ owó wúrà tó lé ọ kúrò nílé ló tún délẹ̀. Jọ̀wọ́, má tíì fa lẹ́tà yìí ya.

O rántí pé ní ogún ọdún sẹ́yìn, nínú oko ọ̀dùnkún ni Bàbá ti hú u, tí wọ́n sì fà á fún ìjọba bí òfin ṣe wí. Ọ̀gbẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ayédèrú ni. Ó ní lára gbogbo owó Róòmù àtijọ́ tó jọ ọ́, ọwọ́ ọ̀tún ni obìnrin abìyẹ́ ẹ̀yìn owó náà fi ń di àgbélébùú gígùn mú. Ti Bàbá, ọwọ́ òsì ni. Alágbẹ̀dẹ wúrà sì ni Bàbá! Àwọn ará ìlú bá dájọ́ pé Bàbá ló rọ ọ́. Kò sẹ́ni tó tún wá ra òrùka ìgbéyàwó lọ́wọ́ wọn. Ìwọ náà gbà á gbọ́, o sì wí i lójú wọn pé, "Òpùrọ́ ni yín." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ní oṣù tó kọjá, àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀ fún páìpù omi rí owó wúrà kan lábẹ́ ìpìlẹ̀ ògiri òkúta tó ti dàgbà ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ. Dókítà Ingalill Hjelm, onímọ̀ owó àtijọ́, wá láti Stockholm. Ó ní kí wọ́n gbé ti Bàbá jáde, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ránṣẹ́ pè mí.

"Ẹ wá fi awò yìí wò ó, Mà. Ọwọ́ òsì!"

Ó ṣàlàyé pé ẹni tó ń fín irin òǹtẹ̀ owó gbọ́dọ̀ fín gbogbo nǹkan ní òdìkejì, kó tó lè hàn dáadáa lára wúrà. Ẹni tó fín tiwa láyé àtijọ́ yí àwọn lẹ́tà padà, ó gbàgbé obìnrin náà. Irin ọ̀hún tún sán díẹ̀ lábẹ́ ìyẹ́. Ilà tín-ín-rín tí ó fi sílẹ̀ wà lára owó méjèèjì, lójú kan náà.

"Irin kan náà ló lù wọ́n," ni ó wí. "Àbí bàbá yín ló tún ri èyí mọ́ abẹ́ ògiri?"

Evert, mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ó bá a lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò dá ogún ọdún Bàbá padà?

Mo sáré wálé sọ fún Bàbá. Mo ní mà á kọ̀wé sí ọ lójú ẹsẹ̀. Ẹnu wọn ti wọ́, ọ̀rọ̀ kò tètè jáde, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ yékéyéké:

"Ragnhild, má sọ fún un pé mo jàre. Ojú á tì í, kò ní lè wá. Ṣáà sọ fún un pé a ti se kroppkakor, oúnjẹ ọ̀dùnkún tó fẹ́ràn."

O mọ̀ mí, n kì í gbọ́ràn. Mo ti sọ méjèèjì fún ọ. Ṣùgbọ́n tí o bá dé, jọ̀wọ́, ṣe bí ẹni pé oúnjẹ nìkan lo gbọ́.

Bá mi kí Majken, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu fún mi. Ọ̀dùnkún ti wà lórí iná.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ aláìgbọràn,
                                        Ragnhild.