Ṣé Epo Ń Tà?

Ìyá mi àtàtà,

Mo wá síbi ibojì yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ọ̀, àmọ́ ẹnu mi ò gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ẹ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù pé iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe: ẹ̀yin ń ta epo pupa ní Ọ̀fà, èmi wà nídìí epo rọ̀bì ní Wàrí. Ká tó kíra tán, ẹ ó ti bèèrè: "Ṣé epo ń tà?" Màá ní ó ń tà, Alihamudulilahi.

Irọ́ ni mo ń pa, Ìyá mi. Nígbà tí Kòrónà dé, tí bàálù ò fò, tí mọ́tò jókòó sílé, ta ló fẹ́ ra epo? Ọkọ̀ gbé e dúró lójú òkun, wọn ò rí ẹni já a fún. Àwa àlejò ni wọ́n kọ́kọ́ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́, torí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti fárígá pé àwọn ló ni iṣẹ́ tó bá ṣẹ́ kù. Ojú tì mí láti sọ ọ́. Gbogbo àdúgbò lẹ ti ròyìn mi fún.

Ìjọba ti ẹnu ibodè ìpínlẹ̀ gbogbo, mo bá rí àwáwí. Ẹ ní ikọ́ ń dà yín láàmú, kí n máa bọ̀. Mo ní wọn ò tíì ṣí ọ̀nà. Ọ̀nà ti ṣí fún odidi oṣù kan kí ẹ tó kú. Mo wà ní Wàrí, mò ń wo àjà, mò ń retí kí wọ́n pè mí padà kí n lè wálé bí èèyàn. Wọ́n ti sin yín kí n tó dé gáréèjì.

Ọ̀fà ò ní kànga epo kankan, síbẹ̀ nígbà tí epo ò tà, àbọ̀ owó oṣù ni ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà ń gbà, torí owó epo nìjọba fi ń san án. Àwọn olóṣèlú pín ìrẹsì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ. Epo ti gbówó lórí padà báyìí, kò sẹ́ni tó pè mí. Ọ̀kadà ni mò ń gùn. Èmi tí mo bá wọn fa epo jáde nínú ilẹ̀, agbára káká ni mo fi ń rà á. Ayé sú mi.

Ẹ máa ń mi kẹ́ẹ̀gì epo pupa sétí kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ ó sì mọ èyí tí wọ́n bomi là. Ṣé ẹ ò gbọ́ omi nínú ohùn mi ni? Àbí ẹ gbọ́, ẹ kàn dákẹ́?

Epo ò tà, Ìyá mi. Kò tà rárá.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tí ọ̀nà ṣí fún, tí kò wá.