Àga Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tò

Màámi,

Ara mi le koko. Yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ agbálẹ̀ yìí ń wá olùkọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, mo sì fi ìwé ẹ̀rí mi kọ̀wé fún ti olùkọ́. Lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, èmi náà ni mo gbálẹ̀ yàrá, tí mo to àga, bí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta. Mo lọ pààrọ̀ aṣọ, mo kanlẹ̀kùn. Alága àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò ní, “Ẹ bá wa gbé omi wá.” Mo gbé e wá kí n tó jókòó. Nígbà tí mo sọ orúkọ mi, tí wọ́n rí i nínú orúkọ àwọn tó kọ̀wé, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì pè mí láti ìgbà náà.

Ẹ bá mi kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi tó ń pè mí ní Ọ̀mọ̀wé. Ẹ jẹ́ kó máa pè mí bẹ́ẹ̀ lọ.