Bátìrì Tó Kú Nínú Mọ́tò Bàbá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtọmọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá ti fúyẹ́. Gbogbo ilé wà dáadáa, èmi nìkan ni mo wà nínú páńpẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, mo wọ mọ́tò Bàbá, mo tan iná, mo ń sín wọn jẹ: "Dírẹ́bà! Ṣé mọ́tò lò ń wà ni àbí ò ń da màlúù?" Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gbàgbé láti pa iná. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bátìrì ti kú.

Bàbá ní dírẹ́bà ló gbàgbé iná, kó máa lọ tí oṣù bá parí. Dírẹ́bà tọrọ mọ́tò aládùúgbò, ó ní kí n bá òun di wáyà tó máa gbé iná láti bátìrì rẹ̀ wá sí tiwa mú: "Pupa sí pupa. Dúdú tó kẹ́yìn, irin ẹ́ńjìnnì ni kó o so ó mọ́. Má so ó mọ́ bátìrì tó kú, kí iná má ta sí wa lójú." Mọ́tò dáhùn. Ó wá rọra sọ pé, "Mo gbọ́ ohùn bàbá ẹ nínú mọ́tò yìí lánàá, bẹ́ẹ̀ wọn ò sí nílé."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún Bàbá pé èmi ni, kì í ṣe dírẹ́bà. Ohùn gbogbo ayé wà lẹ́nu mi, àmọ́ níwájú wọn, tèmi kì í jáde.

Ẹ̀rọ ayé yín ò ní kú lójú ọ̀nà.

Àbúrò yín