Ọ̀rọ̀ Tó Bọ́ Lẹ́nu Mi Nídìí Káńtà Ìforúkọsílẹ̀

Ilé Kẹsàn-án, Àjà Kejì,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìkàwé,
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá.

Àbúrò mi, ọmọ ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé àbíkẹ́yìn rẹ ti yọ eyín, tó sì ń fi gbogbo ènìyàn dánra wò. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ńkọ́, ṣé àwọn oníbàárà tó gbé aṣọ lọ láìsanwó ti ń rántí ọ̀nà ibẹ̀? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Òtútù ti dé. Súwẹ́tà mẹ́ta ni mo wọ̀ lé ara wọn, ọkọ mi ní mo dà bí àpò ìrẹsì. Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò dénú.

Kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, jọ̀ọ́, jókòó. Bó bá jẹ́ ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ lo wà, gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ ọmọ wa dákú níléèwé lọ́jọ́ Ajé. Ó wà láàyè o! Ó ń jẹ, ó ń mu, bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ níbi tó ti ń bá àbúrò rẹ̀ jà lórí ta ló máa kọ́kọ́ wẹ̀. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí pé nínú ilé wa yìí, ohun tí èèyàn bá sọ ní yàrá, wọ́n á gbọ́ ọ ní ilé ìdáná. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àìkú ló máa mú lẹ́tà yìí wá fún ọ.

Àdéhùn tí a jọ ṣe pé ọmọ náà ò ní mọ̀ pé ìwọ lo bí i títí tó fi máa parí ilé-ẹ̀kọ́ girama, àdéhùn yẹn ti bàjẹ́. Èmi ni mo bà á jẹ́, ariwo ni mo sì fi bà á jẹ́. Má tíì bú mi. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ọ ná.

Eré ni wọ́n ń sá lọ́jọ́ náà. O mọ ẹsẹ̀ ọmọ yẹn, kì í rìn níbi tó bá ti ṣeé sá. Olùkọ́ wọn ní bó ṣe yí kọ́nà kejì ló kàn wó lulẹ̀, kò kígbe, kò di nǹkan kan mú. Kí wọ́n tó pè wá, ó ti jí, ó ń bínú pé ẹlòmíràn ti gba ipò kìíní. Mo sáré dé ibẹ̀ pẹ̀lú bàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó sì ń dójú tì mí níwájú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí ni mo wọ̀ yìí.

Ilé ìwòsàn ìjọba ibí fún wa lọ́jọ́ tó wà lẹ́yìn ọdún tuntun. Ọkọ mi ní ká má ṣeré, ká lọ sí ilé ìwòsàn àdáni tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn àjèjì tó wá ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí a ti dé la ti ń fojú fò ó dá, nítorí owó ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀. Kí wọ́n tó bi ọ́ pé kí ló ń ṣe ọ́, wàá ti san owó kí orúkọ rẹ tó wọnú ìwé wọn, ọdọọdún sì ni. Àbúrò mi, ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Àga rẹ̀ rọ̀ débi pé aláìsàn lè gbàgbé dìde. Omi tútù wà níbẹ̀ nínú ife pépà, wọ́n ní ọ̀fẹ́ ni. Mo mu ife mẹ́ta, torí mo mọ̀ pé àwa náà la máa san án.

Obìnrin kan tó so awò ojú mọ́ ọrùn ló jókòó nídìí káńtà. Ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Ó ṣàlàyé pé owó ẹbí kan wà tó kan bàbá, ìyá àti ọmọ tí wọ́n bí fúnra wọn. Ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò, á dá forúkọ sílẹ̀ ní iye àgbàlagbà, káàdì rẹ̀ ò sì ní ṣiṣẹ́ fún àyẹ̀wò ńlá títí oṣù mẹ́ta á fi pé. Ó wá bèèrè bóyá àwa la bí àwọn ọmọ méjèèjì.

"Àwa ni," ọkọ mi ti dáhùn kí n tó la ẹnu. Má rò pé ó fẹ́ lu jìbìtì o. Ta ló ti bi wá bẹ́ẹ̀ rí? Nílé, ẹni tó bá bi ọ́ pé ṣé ìwọ lo bí ọmọ tí o fà lọ́wọ́, ìjà ló ń wá. Tẹ́ẹ́rẹ́ sì dúró láàárín wa, ó gbé orí lé mi léjìká. Ọkọ mi fọwọ́ síwèé pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí a sọ, a sanwó, wọ́n fún wa ní káàdì mẹ́rin.

Dókítà tó rí wa kì í yára sọ̀rọ̀. Ó gbọ́ àyà ọmọ náà, ó lẹ wáyà mọ́ ọn láyà, ẹ̀rọ kan sì ń ya bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù sórí pépà gígùn. Ó wò ó, ó tún un wò. Ó wá kọjú sí ọkọ mi, ó ní ṣé ẹnì kan wà nínú ìdílé yín tó máa ń dákú, tàbí tó kú lójijì nígbà tí kò tíì dàgbà?

O ò bá rí ọkọ mi! Ó fẹ àyà. Ó ní bàbá òun ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́, bàbá bàbá òun sì ń bú èèyàn kíkankíkan títí di ọjọ́ tó fi ayé sílẹ̀. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Olóògbé tìrẹ ni mo ń rí, bàbá Tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an, tó jáde nílé láti lọ gbá bọ́ọ̀lù, tí wọ́n gbé padà wálé láìsí ẹ̀mí, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Mo wo ojú ọkọ mi, ó gbé ojú kúrò.

Dókítà ní nígbà tí kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé, ohun tí òun rí lórí pépà náà ò fi bẹ́ẹ̀ ba òun lẹ́rù. Kó máa mu omi dáadáa, kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ yìí, ó lè padà máa sáré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìdíje ńlá wọn ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Mo ní kí Tẹ́ẹ́rẹ́ lọ jókòó dè wá níta, mo sì fa ọkọ mi sí kọ̀rọ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn ilé ìtọ̀. A ń jà, a ò sì lè gbóhùn sókè, irú ìjà tó ń dun èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Ó ní bí a bá yí ọ̀rọ̀ padà nísinsìnyí, irọ́ la pa nìyẹn, wọ́n á yọ orúkọ gbogbo wa, àti ti ọmọkùnrin wa tí ikọ́ kì í jẹ́ kó mí dáadáa, owó náà ò sì ní jáde mọ́. Mo ní ṣé owó ló ń rò. Inú bí i gan-an.

"Ọmọ mi ni!" ló wí. "Láti ìgbà tí kò tíì lè rìn ni mo ti ń gbé e sọ́rùn. Ṣé kí n wá dúró níwájú rẹ̀, kí n máa ṣàlàyé fún àlejò pé èmi kọ́ ni mo bí i?"

Omi ti kún ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé, bí ọmọ yìí bá sáré lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó tún wó, tí kò wá jí ńkọ́? Ojú wo ni màá fi wò ọ́?

Mo padà wọlé lọ bá dókítà, èmi nìkan, mo sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà má sáré mọ́, kó má tilẹ̀ sáré gun àtẹ̀gùn, títí òun á fi rí inú ọkàn rẹ̀ dáadáa. Ó ní irú àìsàn ọkàn kan wà tó máa ń ti ara bàbá bọ́ sára ọmọ, tí kì í jẹ́ kí èèyàn mọ̀ pé òun wà níbẹ̀, àmọ́ tó ní ìtọ́jú bí a bá tètè rí i. Ó fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ńlá ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní kí n lọ tún ìforúkọsílẹ̀ náà ṣe nídìí káńtà.

Ibẹ̀ ni mo ti wá bà á jẹ́. Obìnrin aláwò ojú gbọ́ mi tán, ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ dá forúkọ sílẹ̀, àyẹ̀wò ò sì lè wáyé kí oṣù mẹ́ta tó pé. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó ní òfin ni, ohùn tútù kan náà yẹn, bí ẹni ń kí mi káàárọ̀. Àbúrò mi, o kúkú mọ̀ mí. Mo fi ọwọ́ lu káńtà, bírò wọn fò lọ sílẹ̀. Gbogbo àwọn tó jókòó síbẹ̀ ló gbọ́ mi.

"Torí pé èmi kọ́ ni mo bí i, ṣé kó wá kú ni?"

Mo yíjú padà. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló dúró lẹ́yìn mi, ó bu omi tútù bọ̀ fún mi nínú ife pépà.

Yéè! Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ọmọ náà ò sunkún. Ó na ife náà sí mi, ó ní, "Ẹ mu ún, Mọ́mì." Mo gbà á, mo mu ún, mi ò mọ̀ bóyá omi ni.

Ariwo yẹn ló mú dókítà jáde. Òun àti obìnrin náà sọ̀rọ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì gbà pé àyẹ̀wò lè wáyé lọ́jọ́bọ̀ bí a bá san iye àgbàlagbà náà pé. Wọ́n kìlọ̀ fún wa, àmọ́ wọn ò lé wa. Ọkọ mi yá lára owó oṣù rẹ̀ níbi iṣẹ́, ó sì san án láná. Kò bá mi jà. Ó kàn ń bu oúnjẹ kún inú abọ́ Tẹ́ẹ́rẹ́ ju ohun tó lè jẹ lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, ojú fèrèsé ni ọmọ náà ń wò. A délé, kò tíì bọ́ bàtà tó fi bi mí pé ta ló wá bí òun. Mo ní ìwọ ni. Ó ní, "Àǹtí?" Ó rẹ́rìn-ín kan tí kò dùn-ún gbọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé fún un bí àwọn ẹbí olóògbé ṣe ní ìwọ lo pa ọmọ àwọn, bí oúnjẹ ò ṣe gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ mọ́ tí ọmú sì gbẹ, bí o ṣe fọwọ́ ara rẹ gbé e lé mi lẹ́yìn. Ó gbọ́wọ́ sókè pé kí n dúró. Ó ní ẹnu ẹni tó bí òun ni òun ti fẹ́ gbọ́ ọ, àti irú èèyàn tí bàbá òun jẹ́. Ó ní bí o ò bá tíì pe òun, kò sí ẹni tó máa mú òun lọ sí àyẹ̀wò kankan. Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀ mọ́ ọn, ọkọ mi bẹ̀ ẹ́ títí. O mọ orí kunkun tó ní, gbogbo wa la sì mọ ẹni tó fi jọ!

Nítorí náà, mo bẹ̀ ọ́. Dókítà fẹ́ mọ ohun tó ṣe olóògbé lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣé àyà ti ń dùn ún tẹ́lẹ̀? Ṣé ó ti dákú rí? Ìwọ lo dúró létí pápá, ìwọ lo rí i. A ò bi ọ́ láti ìgbà náà, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò ṣeé fọwọ́ kàn lára rẹ. Mo mọ̀ pé o ò yà sí ilé wọn mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ̀ obìnrin yẹn, èyí tó ṣì ń kí ọ bí ẹ bá pàdé, jọ̀ọ́, pè é, kí o bi í bóyá ẹlòmíràn wà nínú ìdílé wọn tó lọ lójijì bẹ́ẹ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Kí ìyá wa, má sì tíì sọ ohunkóhun fún wọn, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Ṣùgbọ́n kí o tó kí ẹnikẹ́ni, pe ọmọ náà. Bó bá ti dé láti iléèwé, á gbé fóònù síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, á sì máa ṣe bí ẹni tí kò wò ó.

O lè máa rò ó pé ẹ̀rù ń bà mí pé á máa pè ọ́ ní Mọ́mì. Ẹ̀rù ń bà mí o, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí mo bá ń fọ abọ́, òun ni mo ń rò, bí mo bá dùbúlẹ̀, òun náà ni. Síbẹ̀, pè é. Ẹni tó bá wù ú ni kó máa pè ní Mọ́mì. Kó ṣáà wà láàyè tí á máa pè é.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́,

Aláriwo.