Yèyé, Ìdí Tí Mo Fi Ń Gún Ìka Mi

Àgùdà, Sùúrùlérè.

Yèyé mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àbójútó Bàbá. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin méjèèjì láti ibi tí mo wà. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn, mo kí àwọn ọmọ. Òjò ò dá ní Èkó láti àná, aṣọ tí mo fọ̀ kò gbẹ, ṣùgbọ́n ara mi le. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ ní kí n yéé gún ìka ara mi, pé ẹni tó bá ń wá àìsàn lójoojúmọ́ ni yóò máa rí i. Ẹ ní kí n padà sí Iléṣà, kí n wá máa mu àgbo. Mi ò lè dá yín lóhùn dáadáa torí ẹkún ti wà lóhùn yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Àǹtí Dúpẹ́, àbúrò yín, ló ń bà yín lẹ́rù. Àtọ̀gbẹ kan náà yìí ló ṣe àwọn náà títí wọ́n fi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ṣọ́ọ̀bù fún yín.

Ẹ mọ̀ pé aṣọ iléèwé là ń rán ní Pápá Àjàó. Bí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé, iṣẹ́ kì í jẹ́ ká gbé orí sókè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lo oògùn mi, mo ní kí n parí ọrùn aṣọ kan kí n tó jẹun. Oníbàárà kan dé, òmíràn tún dé. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, mò ń wá ojú abẹ́rẹ́, mi ò rí i. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, òógùn tútù bò mí, bẹ́ẹ̀ fáànù ń fẹ́ sí mi lára. Àǹtí Sìkírá, ọ̀gá wa, wò mí, wọ́n ní ibà ni, kí n lọ sùn díẹ̀ sórí ìdì aṣọ tó wà lẹ́yìn. Ó wù mí kí n sùn, Yèyé. Oorun náà ń fà mí bí ẹni fa ọmọdé lọ́wọ́.

Mo ní ẹ jẹ́ kí n wo ṣúgà mi ná. Mo fọ ọwọ́, mo gún ẹ̀gbẹ́ ìka, mo fi ẹ̀jẹ̀ náà kan sítíríìpù pélébé tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ kékeré tí mo fi ń wo ṣúgà. Ó gbé méjìléláàádọ́ta jáde. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ mi ti sọ pé bó bá ti wọ abẹ́ àádọ́rin, kí n má fi falẹ̀, kí n wá nǹkan oníṣúgà mu. Mo na ọwọ́ sí mínírà kan tó wà lórí tábìlì, ni Àǹtí Sìkírá bá gbà á lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kú sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ni, ṣé kì í ṣe èmi fúnra mi ni mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí n fẹnu kan ṣúgà? Ahọ́n mi ti wúwo, mi ò lè ṣàlàyé. Mo kàn gbé ẹ̀rọ náà sí wọn lójú, mo ní ó ti lọ sílẹ̀ jù, Àǹtí, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Wọ́n wò ó, wọ́n wò mí. Wọ́n ṣí ìgò náà, wọ́n sì dì í mú sí mi lẹ́nu títí mo fi mu ún.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, a tún wò ó, ó ti gòkè. Wọ́n ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún mi, wọ́n jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ṣáà ní àwọn ò mọ̀ pé ṣúgà tún lè kéré jù lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ. Ká ní kò sí ẹ̀rọ yẹn, ǹ bá gbà pé ibà ni, ǹ bá sì lọ sùn.

Mo padà sí ọsibítù, dókítà sì ṣàlàyé pé mi ò gbọ́dọ̀ lo oògùn náà kí n má jẹun, torí ṣe ló ń fa ṣúgà wálẹ̀. Ní báyìí, Àǹtí Sìkírá kì í jẹ́ kí n jókòó sídìí máṣíìnì bí wọn ò bá tíì rí i pé mo jẹun.

Yèyé, àtìgbà náà ni mo ti ń ro Àǹtí Dúpẹ́. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní oorun ń kùn àwọn, gbogbo wa sì ń rìn jẹ́jẹ́ kí a má baà jí wọn. Mi ò mọ ohun tó pa wọ́n, mi ò sì ní ṣe bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ ò ṣe àìdáa kankan sí wọn. Ojú lásán ò lè rí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀.

Èyí tó le jù fún mi ní Èkó ni pé kò sí ẹni tó ń wo ojú mi láàárọ̀ bí ẹ ti máa ń wò ó, kó sọ pé ara mi ò yá kí n tó sọ. Èmi nìkan ni mò ń jí nínú yàrá mi, ẹ̀rọ náà ló kù tí mò ń bi. Sítíríìpù wọ́n, mi ò ní purọ́, àmọ́ mò ń rí i rà. Ẹ bi mí bóyá ó ń dùn mí. Ó ń ta mí díẹ̀, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì gún mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo sì ń pààrọ̀ ìka, kí èyí tí mo fi ń ránṣọ má baà le.

Wọ́n ní àìsàn yìí máa ń rìn nínú ẹbí. Bí mo bá wálé lọ́dún Kérésì, n ó fọ ọwọ́ yín, n ó gbé abẹ́rẹ́ tuntun jáde, kí n lè wo ṣúgà tiyín náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fa ọwọ́ sẹ́yìn. Àbúrò yín ti lọ, mi ò fẹ́ máa rìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láìmọ̀.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ̀yin àti Bàbá. Ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ tó ń gbàdúrà fún mi.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá