Òdo Tó Wà Lójú Bọ́ọ̀dù

Ọ̀yọ́, Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá, 1988

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì bi wá lónìí pé ta ló ní fítínẹ́ẹ̀sì jù nínú kíláàsì wa. Gbogbo wọn nawọ́ sí Ràsákì tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ ní agbára kọ́, iye ọmọ téèyàn bí, tí àwọn náà dàgbà tí wọ́n sì bímọ, ni à ń kà.

Ràsákì ní, "Sà, a jẹ́ pé bàbá mi àgbà oníyàwó mẹ́rin ti na gbogbo wa nìyẹn!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tí kò bí rárá ńkọ́? Ó kọ òdo gbàgàdà sójú bọ́ọ̀dù. Ó ní kì í ṣe èébú, ìṣirò lásán ni.

Mo kọ òdo náà sílẹ̀ bíi tiwọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbí pé wọ́n yọ ilé ọmọ mi l'Ógbòmọ̀ṣọ́ lọ́dún tó kọjá. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Èmi nìkan sì ni màmá mi bí. Nínú ìṣirò yẹn, òdo lòun náà máa já sí, òun tó . . .

Nígbà tí mo délé, mo bá ìyá onílé wa gbé garawa omi wọlé.

"O ṣé, ọmọ mi. Wàá bí ìbejì, wọ́n á pọnmi fún ìwọ náà."

"Àmín, mà."

"Àmín wo nìyẹn? Àbí o ò fẹ́ ni? Ṣe é sókè!"

Mo ṣe é sókè.