Ìpè Inú Páìpù Yìnyín

Toronto, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kejì

"Agbára kì í ṣòfò láyé. Bí omi àti yìnyín ṣe ń fara ha páìpù, agbára wọn ń di ooru, ó ń di ariwo." Kúnlé ọmọ mi, ẹnjiníà àgbà, ló wí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń wàásù rẹ̀, ó kù kó wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù.

Lọ́sàn-án, níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Downsview, ó pa ẹ̀rọ tó ń ti omi àti yìnyín gba inú páìpù lọ kí n lè gbọ́ bí páìpù ṣe ń dákẹ́. Kò dákẹ́. Páìpù náà pè mí, "Bàbá Kúnlé o!", bí ìyá Kúnlé ṣe máa ń fa ìpè náà gùn kó tó kú.

Mo ti dáhùn kí n tó rántí pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí, kó má baà múni lọ.

"Dádì, ta lẹ ń dá lóhùn?"

Otútù kò tíì kúrò lára mi. Ẹ̀rọ ti kú. Agbára ta ni páìpù fi pè mí?